Ilé Ìwé Kan Ṣoṣo La Kọ

Nínú ilé tí a gbé ní Turin lọ́dún náà, èmi kò nílò aago. Agogo ilé ìwé tó wà ní òdìkejì títì ló ń sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́, òun ló ń sọ fún mi pé oúnjẹ ọ̀sán ti yá, òun náà ló sì ń sọ fún mi pé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti ń lọ sílé. Àjà kẹrin la wà, nínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin gba iwájú gbogbo yàrá kọjá bí ìgbànú. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, irin á ké, gbogbo ilé á sì mọ ẹni tó ń lọ. Mo mọ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Sìnyóra Piera, ìyá àgbà ará Italy tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, a máa rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Ọmọkùnrin ará Morocco tó wà lókè wa, tírélà ni. Mo lè sọ fún yín láì parọ́ pé lọ́jọ́ kan mo gbọ́ nígbà tí ológbò gba ibẹ̀ kọjá, mo sì gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé ó ti jẹun. Ọkọ ọmọ mi ní irọ́ ni. Ẹ lọ bi ológbò náà.

Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá méjì àti ilé ìdáná. Fúnkẹ́ ni ọmọ mi, òun ló mú mi wá láti Ìwó lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ṣẹ́gun ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ń jẹ́ Mọ́yọ̀sọ́rẹ, Mọ́yọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, àfi èmi tí mo ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, torí oríkì a máa mú ọmọ fìdí jókòó sínú ara rẹ̀. Fúnkẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹrù ńlá kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń di ohun tí àwọn èèyàn bá rà lórí fóònù; kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde. Ṣẹ́gun ń já àpótí èso ní ọjà Porta Palazzo, òun náà kì í dúró de oòrùn. Èmi àti Mọ́yọ̀ la máa ń ṣẹ́kù pẹ̀lú ògì tí Fúnkẹ́ ti rò sínú fúláàsì. A ó mu ún, a ó fọ ife, a ó ká aṣọ ìbora, màá sì mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa gan-an. Bó bá dé lọ́sàn-án, a ó ṣa ẹ̀wà. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń gúnyán, a ó ká tìmùtìmù àtijọ́ sábẹ́ odó nítorí Sìnyóra Piera. Síbẹ̀, bí a bá gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun náà á fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìsàlẹ̀. Lójú Mọ́yọ̀, ìyá àgbà náà ń bá wa gúnyán ni. Ó máa ń ní ká bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, Mọ́yọ̀ ń lọ pé ọdún mẹ́fà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì kàn. Kò tilẹ̀ sí ìjíròrò kankan lórí èyí tó máa lọ. Ọmọ náà ti yan kíláàsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ojú fèrèsé wa: èyí tí wọ́n lẹ ẹja bébà mọ́ gíláàsì rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá tú jáde síṣeré, ó máa ń dúró lórí àpótí, ó máa ń bá wọn kígbe, ó sì máa ń dákẹ́ nígbà tí agogo bá ní kí wọ́n wọlé, bí ẹni pé òun náà ti jókòó.

Láàárín ìgbà òtútù ni ìjọba máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n wá kọ orúkọ ọmọ. Ẹ kò ní lọ tò síwájú ọ̀gá kankan o. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. Iscrizione ni wọ́n ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan tí a ti ìjọ dé, Ṣẹ́gun ti àwo ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé kọ̀ǹpútà ka orí tábìlì, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

“Àyè mẹ́ta ló wà níbí,” ó ní. “Ilé ìwé tí a fẹ́ jù, ìkejì, ìkẹta. Bí ti àkọ́kọ́ bá kún, wọ́n á gbé e lọ sí ìkejì.”

“Kọ ti iwájú ilé wa,” Fúnkẹ́ ní.

“Mo ti kọ ọ́. Ìkejì ńkọ́? Ṣé kí n kọ ti títì gígùn yẹn, èyí tó kọjá afárá?”

“Kò sí ìkejì.”

“Ìyá Mọ́yọ̀, àyè wà níbẹ̀ o.”

“Mo rí i. Ta ló ní dandan ni kí n dí i? Dádì Mọ́yọ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi gbààwẹ̀ lórí ilé ìwé yìí. Ṣé kí n wá sọ fún Ọlọ́run báyìí pé, ‘Bàbá, bí apá Yín ò bá ká a, ẹ má ṣèyọnu, mo ní òmíràn nípamọ́’? Oníyèméjì kì í rí nǹkan gbà.”

Ṣẹ́gun fi ọwọ́ ra orí. Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.”

Orí ẹja wà lẹ́nu mi nígbà yẹn. Mo rọra yọ eegun rẹ̀, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, torí ọ̀rọ̀ àgbà kì í sáré. “Ṣẹ́gun,” mo ní, “ẹni tó bá ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.”

Fúnkẹ́ pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ bàbá mi! Ẹ gbọ́ wọn!” Ṣẹ́gun rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí ọkùnrin máa ń rín nígbà tí ìyàwó àti àna bá dìbò lé e lórí, ó sì tẹ ibi tí wọ́n kọ invia sí, ìyẹn ni kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ ti lọ. Mo padà sídìí orí ẹja mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ò lè nà mí. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Èmi gun ẹṣin náà sá fún títì gígùn ni. Orúnkún òsì mi ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo ti sọ fún Mọ́yọ̀ pé ẹfọ̀n ló kàn án nígbà tí mò ń gba abúlé kan là, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹmu ló sì wà nídìí ìṣubú ọ̀hún. Kí wọ́n tó kọ orúkọ yẹn, mo ti yọ́ lọ wo títì gígùn náà lọ́jọ́ kan. Mo dúró nígbà mẹ́rin kí n tó dé ilé ìwé ibẹ̀, lẹ́ẹ̀karùn-ún mo di igi mú bí ẹni tó fẹ́ bá a jó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n mú mi wá sí Italy fún bí kò ṣe láti mú ọmọ lọ kí n sì mú un bọ̀? Àgbà tí kò bá lè ṣe èyí, wọ́n á rọra bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àárò ilé kò sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé já sórí fóònù Ṣẹ́gun: wọn ò gba Mọ́yọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta lórí ìjókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ pọ̀ ju ìjókòó lọ, ìdí nìyẹn tí ilé ìwé fi mú ìwé títì ìjọba jáde láti wo ẹni tó ń gbé níbo. Títì wa gan-an ni ààlà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, tiwọn ni. Ẹ̀gbẹ́ tiwa, ti ilé ìwé títì gígùn ni. Ilé ìwé tí mo lè ju ẹ̀pà sí láti ojú fèrèsé, tí mo tilẹ̀ ti jù ú sí rí, wọ́n ní a kì í ṣe ará àdúgbò rẹ̀. Ṣẹ́gun pe ilé ìwé títì gígùn. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn náà ti kún. Àwọn tó kọ àwọn sí ìkejì ti wọlé. “Bí ẹ bá ti kọ wá ni,” ohùn obìnrin náà ní, “orúkọ ọmọ yín ì bá ti wà níbí.” Ṣẹ́gun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń wo òde, bí ẹni pé wọ́n pe orúkọ mi níbẹ̀.

Ìwé mìíràn wá láti ọ́fíìsì ìlú. Wọ́n ti bá wa rí àyè, wọ́n ní, ní ilé ìwé kan ní ìpẹ̀kun ìlú, bọ́ọ̀sì méjì, ká fèsì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìyá ò lè mú un lọ, ilé ẹrù ò ní dúró dè é. Bàbá ò lè mú un lọ. Èmi wá ńkọ́? Bọ́ọ̀sì méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú àtẹ̀gùn àjà kẹrin. Nígbà náà ni ìyá Ṣẹ́gun pè láti Òṣogbo. Ó ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà bọ̀ wá fún òun, ilé ìwé tó dáa kún ibẹ̀, wọn ò ní béèrè ẹ̀gbẹ́ títì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Ọdún méjì péré,” ohùn rẹ̀ ń jáde nínú fóònù. “Kó tiẹ̀ wá gbọ́ èdè bàbá rẹ̀.” Fúnkẹ́ dìde, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó ṣí omi, kò sì fọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ṣíbí bá kan àwo nílé wa, à ń gbọ́ ọ bí ìró òòlù. Ọmọ ò mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mọ̀. Mọ́yọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ilé àti ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì ti rò ó dé ibi tó yẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bá mi nídìí ẹ̀wà, ó ní, “Nonno, dammi il cacciavite.” Nonno ni bàbá àgbà; irinṣẹ́ tí a fi ń tú ìṣó oníyíyí ló ń béèrè. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó fẹ́ lọ tú nọ́ńbà ara ẹnu ọ̀nà wa nísàlẹ̀, kó gbé e kọjá sódìkejì, kó kàn án mọ́bẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, àwa náà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún nìyẹn. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn tó kéré sí èyí lẹ́nu àwọn ọlọ́pọlọ. Ó tún bi mí bóyá wọ́n gba èmi nílé ìwé nígbà èwe mi. Mo ní wọ́n gbà mí, àmọ́ wọ́n dá mi padà lọ́jọ́ kẹta nítorí pé mo ti mọ gbogbo ohun tí tíṣà mọ̀, ojú sì ń ti tíṣà.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, kò sí ìwé ọjọ́ ìbí. Apá ni wọ́n fi ń mọ̀. Bàbá mi mú mi dúró níwájú tíṣà kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tíṣà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Mo nà án. Mo na ọrùn, mo tẹ orí, mo na ìka títí egungun fi dún. Etí wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ràn pẹ̀lú rẹ̀, ìka mi ò dé e. Wọ́n ní kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo ọdún náà ni mo fi ń na apá: lóko, nínú ilé, lórí ẹní. Nígbà tó fi máa kan etí, wọ́n ti ń fi mí ṣọ́ kòkó, èmi ni mo sì mọ bí a ṣe ń lé ọ̀bọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, láàárín ọ̀bọ kan sí òmíràn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ara mi mọ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Bó ti wá jẹ́ pé ọwọ́ tèmi ló ti ọmọ yìí padà, n kò rí oorun sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì náà dé. Kí Ṣẹ́gun tó jáde, ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun bá bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán, òun máa kọ̀wé sí wọn pé a ò fẹ́ àyè náà, òun á sì pe ìyá òun. Fúnkẹ́ di bàtà iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ títí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, n kò mú Mọ́yọ̀ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Mo wọ agbádá mi kan ṣoṣo sórí aṣọ òtútù, mo dé fìlà, mo di ọwọ́ ọmọ mú, a sọdá títì lọ sí ọ́fíìsì ilé ìwé iwájú wa, èyí tí wọ́n ń pè ní segreteria. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nídìí tábìlì, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn bí ẹni so ewúrẹ́ kó má baà jẹko olóko. Èdè Italy tèmi ò ju ká kí èèyàn ká sì ra búrẹ́dì lọ, nítorí náà Mọ́yọ̀ ni agbọ̀rọ̀sọ.

“Sọ fún un,” mo ní, “pé bàbá rẹ àgbà ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún.”

Mọ́yọ̀ wò mí. “Nonno, non è vero.”

“Òótọ́ kọ́, mo mọ̀. Ṣáà sọ ọ́.”

“Non lo dico.” Kò ní sọ ọ́. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó sọ tirẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ fèrèsé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja.

“Ó dáa. Sọ fún un pé ìdílé ọba ni wá ní Ìwó.”

“Nonno, basta!” Ó ní ó tó.

Obìnrin náà bojú wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dúró. Mọ́yọ̀ wá sọ Yorùbá fún mi, ọmọ tí kì í fi ju ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan dá ìyá rẹ̀ lóhùn. “Wọ́n ní, kí ló dé tí Mọ́mì ò kọ ìkejì? Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló máa ń kọ ìkejì.”

Irọ́ mẹ́ta ló ti tò sẹ́nu mi bí èrò ọkọ̀, oníkálukú ń ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo wo ọmọ náà. Ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ju obìnrin yẹn lọ.

“Sọ fún wọn,” mo ní, “pé ẹsẹ̀ bàbá àgbà ń dùn wọ́n. Àwọn ni wọ́n ní ká má kọ ọ́, torí wọn ò fẹ́ rin títì gígùn. Mọ́mì ò mọ̀.”

Kò yíjú sí obìnrin náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orúnkún mi ló ń wò. “E il bufalo?”

“Kò sí ẹfọ̀n, Àbẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni.”

Ó mí kanlẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi láì dín kan. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó gbé tẹlifóònù. Ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó dúró, ó tún sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí gbá mú nínú ìtumọ̀ Mọ́yọ̀ ni pé ìdílé kan ń kó lọ sí Milan, wọ́n sì ti yọ orúkọ ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé títì gígùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ títì wọn la wà, àwa ló kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ti àkọsílẹ̀ pa ní aago méjìlá, òbí ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà kó gbé e débẹ̀. Bàbá àgbà kì í ṣe òbí níbí. Aago ara ògiri ti fi díẹ̀ kọjá mọ́kànlá.

Obìnrin náà fún wa ní ìwé, ó lọ sídìí àpótí ìwé lẹ́yìn. Bírò wà lórí tábìlì. Mo gbé e. Mo ń rò ó pé ta ló máa mọ̀. Mọ́yọ̀ rí mi, ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, “La firma di papà ha la coda.” Ó fi ìka ya ìrù tí bàbá rẹ̀ máa ń fi sí ìparí orúkọ rẹ̀ han mí lórí tábìlì. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ tí kò gbà láti sọ pé mo ṣe ọ̀gá ilé ìwé ti ń kọ́ mi bí a ṣe ń jí ìbuwọ́lù. Mo fi bírò sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. “Jẹ́ ká lọ bá a níbi iṣẹ́,” mo ní.

Mo pe Fúnkẹ́: fóònù rẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n ń tì í sí níbi iṣẹ́. Mo pe Ṣẹ́gun: ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ibùdó kan péré ni tramu, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, fi dé Porta Palazzo. A dúró, tramu ò dé. A bẹ̀rẹ̀ sí rìn, òun ló wá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Orúnkún mi ń ké bí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́yọ̀ ń fà mí, ó ń sọ pé “Dai, nonno, dai,” bí ẹni ń lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ̀mí mi sì ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ ṣáájú mi débẹ̀. Ọjà náà kún, àwọn ará Morocco, àwọn ará China, àwọn ìyá Italy tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, gbogbo wọn ló dúró sójú ọ̀nà mi lọ́jọ́ yẹn. A bá Ṣẹ́gun láàárín àpótí ọsàn. Nígbà tó rí wa, àpótí ọwọ́ rẹ̀ bọ́.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Fọwọ́ sí ìwé yìí, kí o sì sáré.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àyè tó ṣí, aago méjìlá, àti òwe eku. Mo sọ ti orúnkún. Mo sọ ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀ àti níwájú àwọn oníbàárà, torí kò sí ibòmíràn.

“Ẹ̀yin lẹ ní ká má kọ ọ́, Bàbá.”

“Èmi ni.”

“Nítorí ẹsẹ̀.”

“Nítorí ẹsẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àpótí ọsàn tó ti rà nísàlẹ̀. “Màmá mi ti ń kun yàrá fún un o,” ó ní. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ sí ìwé lórí àpótí, ó gbé Mọ́yọ̀ kọ́ èjìká, ó sì bẹ́ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo. Mo ní kó má dààmú, mo dúró sídìí àtẹ náà ní ipò Ṣẹ́gun, mo sì polówó ọsàn ní Yorùbá. Ẹ má bi mí iye tí mo tà. Àwọn obìnrin tò dé ẹ̀yìn ọjà. Ọ̀gá náà ní kí n máa bọ̀ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ojú mi ò kúrò lára aago ọjà. Ó lu méjìlá. Kò sẹ́ni tó yọ. Mo polówó títí ohùn mi fi há. Ìgbà tó ṣe, mo rí orí Mọ́yọ̀ lókè àwọn èrò, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. “Mi hanno presa!” Wọ́n ti gbà á. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nígbà tí wọ́n wọlé. Ṣẹ́gun wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. “Bàbá,” ó ní, kò gbé orí sókè, “ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ìyá rẹ̀. Èmi ò ní bá yín sọ ọ́.”

Fúnkẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó rí ìwé lórí tábìlì, ó kà á. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó fi orúnkún rìn sọ́dọ̀ mi. “Ẹ ṣé, Bàbá. Mọ́yọ̀ ti pè mí nígbà tí mo wà lójú ọ̀nà, ó ní ẹ rìn dé ọjà. Ẹ ṣé tí ẹ fi ẹsẹ̀ yín sílẹ̀ fún wa.” Ṣẹ́gun wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Mo sọ òótọ́ fún Fúnkẹ́. Mo sọ ọ́ láì fi òwe kan sí i. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí mo fi parí, ojú rẹ̀ sì kúrò lójú mi díẹ̀díẹ̀.

“Èmi fi ọmọ mi sínú àdúrà,” ó ní, “ẹ̀yin fi í sínú òwe. Mo ti ń to aṣọ rẹ̀ sọ́tọ̀, Bàbá. Èyí tó máa kó lọ, èyí tó máa kéré fún un kó tó padà dé.” Ó dìde. Kò gbá ìlẹ̀kùn. Ì bá sàn kó gbá a.

Fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ bí ó ti yẹ, ó ń gbé oúnjẹ wá bó ti yẹ. Ọbẹ̀ dùn, ẹran wà nínú rẹ̀, omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò bá a wá. Mo gbìyànjú ìtàn kan tàbí méjì, Mọ́yọ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí, ó ń bá àwọn òbí rẹ̀ kọ ìwé ìjọba, ó sì sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé ohun tí òun rántí jù nínú ọdún yẹn ni bí ìyá òun ṣe ń bo àwo oúnjẹ mi jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọ ìkókó ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ tí kò ní wo ojú mi. Mo ń rìn nígbà náà. Láràárọ̀, nígbà tí ilé bá ṣófo, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń rin títì gígùn láì dúró dé ibi tí mo bá lè dé, mo ń padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, igi kẹta. Nígbà tí ooru mú, mo ti dé afárá.

Oṣù Kẹsàn-án pé. Mọ́yọ̀ wọ aṣọ ìlékè aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n ń wọ̀ síbẹ̀, àpò rẹ̀ tóbi ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Fúnkẹ́ ti jáde níṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú wa. Ó ní wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà fún ọjọ́ náà. A bọ́ sí títì. A kọjá igi kẹta, a kọjá afárá. Mọ́yọ̀ ń bi mí bóyá mo fẹ́ jókòó, mo ń ní rárá, ìjókòó títì Turin ti tutù jù fún ọmọ ọba. Kò tilẹ̀ bá mi jiyàn. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, tó ti wọlé, tí mo fi ọwọ́ ti ògiri láti mí, mo bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí a gbà. Fúnkẹ́ dúró lábẹ́ ibùdó bọ́ọ̀sì ní ìkángun, nínú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ fóònù kan tí iná rẹ̀ kò tàn. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ, kò wọ̀ ọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ṣe bí ẹni tí kò tẹ̀ lé wa. Mo gbéra padà sílé, mo rọra ń rìn, kó má baà ṣòro fún un láti wà lẹ́yìn mi.